Ọmọ Ajá Máfojúdi nínú Igbó Èrìgì

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹni tó ní tábà nínú ìkòkò rẹ̀ kó fi iná sí i, ẹni tí kò ní kó tọrọ lọ́wọ́ ẹnì kejì, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrósọ. Èmi Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́ṣínà ni mo pè yín. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n mi. Èmi tí ẹkùn pàdé lójú ọ̀nà tóóró tí ẹkùn fẹ̀gbẹ́ kan rìn, tó ní kí n kọjá. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá báyìí tí ẹ ti ń wo ihò tó wà níwájú ẹnu mi yìí. Bí ẹ bá bi mí, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún yín: pé ẹkùn kan ló gbá mi lẹ́nu lọ́jọ́ tí a jọ jà, pé mo sì gbá òun náà padà tó fi gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ ti fi ihò yìí kọ ìjálá, ẹ ti fi mu ẹmu. Ẹ jẹ́ kí ẹkùn náà sinmi díẹ̀ ná, kí ẹ wo abo ajá tó gbé orí lé ẹsẹ̀ mi yìí, Tanímọ̀la. Òun ni ọ̀rọ̀ kàn.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú yín á rántí ìyá rẹ̀, Máfojúdi, ajá pupa rúsúrúsú, etí kan dúró, etí kan sùn. Ajá yẹn gbọ́n ju ẹlòmíràn tó jókòó níbí lọ. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí Làmídì má wulẹ̀ wojú mi. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹfọ̀n kan tí mo ṣe léṣe yí padà sí mi. Ṣakabùlà mi ti sọ̀rọ̀ tán, kò sí ẹ̀tù lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mi sì há sábẹ́ gbòǹgbò. Máfojúdi fò mọ́ ẹfọ̀n náà nímú, ó dì í mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí mo fi yọ ẹsẹ̀. Èmi yè, òun kò yè. Ó gbé orí lé itan mi, ó ń wojú mi, wàrà ṣì ń kán lọ́mú rẹ̀, torí ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un nílé kò tíì ju ọmọ oṣù kan lọ. Mo ní, "Máfojúdi, ọmọ rẹ kò ní jìyà lọ́wọ́ mi láé." Ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ẹ̀ ọdẹ kì í bá ajá tó kú nítorí rẹ̀ ṣàwàdà.

Àwẹ̀ró ìyàwó mi fi ẹ̀kọ tútù àti wàrà ewúrẹ́ tọ́ ọmọ náà, ó sì ń dàgbà bí ẹni tó ní ibì kan láti lọ. Ìgbà tó di ọmọ oṣù mẹ́rin ni wàhálà dé. Ẹ̀yin ará, bí ẹ kò bá tíì gbé pẹ̀lú ọmọ ajá tí eyín ń pààrọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹnu lè ṣe. Ó jẹ bàtà mi ọ̀tún, ó fi ti òsì sílẹ̀ kí n máa fi ṣèrántí. Ó jẹ ẹsẹ̀ àga tí bàbá mi fi ń jókòó, ó jẹ ìgbálẹ̀, ó jẹ odó níbi tí kò ti ṣeé jẹ. Bí mo bá nawọ́ sí i pé kí n fọwọ́ pa á lórí, á fi eyín wẹ́wẹ́ bíi abẹ́rẹ́ gbá ìka mi mú. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣáá, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sì ń hàn lára ohun tó bá bù jẹ. Àwẹ̀ró wò ó, ó ní, "Bàbá Ṣíjúadé, ẹ má bínú sí i. Eyín ọmọdé ló ń kúrò tí ti àgbà ń bọ̀. Ẹ ò rí i bí èrìgì rẹ̀ ṣe pọ́n tó sì wú? Ó ń ro ó ni. Ẹ jẹ́ ká máa rẹ àkísà sínú omi amù, ká máa fún un jẹ, tútù rẹ̀ á tù ú lára." Mo ní, "Ìwọ Àwẹ̀ró, ajá ni, kì í ṣe ọmọ ọwọ́." Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọdẹ tó máa sọnù ńkọ́? Kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Ó ku ọ̀la kí a ṣe ọdún Ògún, mo wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, mo bá Tanímọ̀la lórí gbérí mi. Gbérí tí bàbá bàbá mi wọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ẹran ti gbẹ mọ́ lára láti ìran dé ìran, ọmọ ajá yìí ti já apá rẹ̀ kan, ó gbé oògùn mẹ́ta kalẹ̀ lára rẹ̀ bí ẹni ṣa ẹ̀pà. Ojú mi ṣú. Mo mú pàṣán, mo nà án. Ó sá sábẹ́ ibùsùn, mo fà á jáde, mo nà án sí i. Nígbà tó fẹ́ gbá mi lọ́wọ́ mú, mo rí i pé eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rin ń mì, mo bá ní, "Ṣé eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu? Màá bá ọ yanjú rẹ̀." Mo mú ẹ̀mú tí mo fi ń tún ìbọn ṣe, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, mo ń gbọ́ ọ títí di òní.

Àṣìṣe kejì tẹ̀lé e. Ẹ mọ ohun tí à ń ṣe nílẹ̀ wa bí eyín ọmọ bá ká. Ọmọ á ṣa òkúta wẹ́wẹ́, mẹ́sàn-án bó bá jẹ́ ọkùnrin, méje bó bá jẹ́ obìnrin, á kó o pọ̀ mọ́ eyín náà, á jù ú sórí òrùlé, á sì bẹ alángbá pé kó fún òun ní tuntun. Alángbá kò gbọdọ̀ rí eyín náà lọ́wọ́ ọmọ kó tó jù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun kò ní hù. Èmi wá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dúró sójúde, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè kí gbogbo aládùúgbò lè rí eyín, mo ka òkúta mẹ́sàn-án, mo pariwo pé, "Ajá Ọdẹ́rìndé ni yìí, akọ ni lójú ogun!" Àwẹ̀ró kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá Ṣíjúadé, abo ni! Ẹ sì wo ara ògiri!" Mo wo ara ògiri. Alángbá olórí pupa kan ló dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára eyín tó wà lọ́wọ́ mi, ó ń mi orí. Mo jù wọ́n sókè síbẹ̀síbẹ̀. Kò tíì sí èyí tó bọ́ sílẹ̀ nínú wọn tí alángbá fi gbé eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó sì fi òkúta sílẹ̀ fún mi.

Láti ọjọ́ yẹn, Tanímọ̀la kò fi ẹnu kan oúnjẹ mọ́. Ó yẹ kí eyín tuntun máa yọrí, ṣùgbọ́n kàkà bẹ́ẹ̀, èrìgì rẹ̀ wú sí i, ó dúdú, eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò kúrò, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn kò hù. Ẹ̀kọ tútù, kò lá a. Omi, ó ń fi ahọ́n kàn án ni. Ní ọjọ́ keje, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà láti òkèèrè. Èyí tó dùn mí jù ni pé bí mo bá wọlé, ó ṣì ń wọ́ tọ̀ mí wá, á gbé orí lé ẹsẹ̀ mi gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe gbé e lé itan mi. Àwẹ̀ró kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ohun tí ẹ sọ fún Máfojúdi nìyí?" Mo jáde lọ bá alángbá lára ògiri, èmi ògbólógbòó ọdẹ, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo ní kó bá mi dá eyín padà. Alángbá mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà igbó. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó wẹ̀yìn. Mo gbé Tanímọ̀la sínú àpò ọdẹ, mo so àpò náà mọ́ àyà, mo gbé ìbọn. Àwẹ̀ró ti di àkísà tútù sínú ewé kókò, ó fi í sínú àpò mi. Òwúrọ̀ ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta.

Mi ò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kọjá odò, a kọjá oko ìkẹyìn, alángbá yẹn kò sì yà síbì kan títí ó fi mú mi dé Igbó Èrìgì, igbó tí àwọn bàbá wa ní kí a máa wò láti òkèèrè. Bí mo ṣe ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni gbogbo eyín ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń lu ara wọn, bẹ́ẹ̀ òtútù kò mú mi. Ilẹ̀ igbó náà pupa, ó rọ̀, ó sì ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi inú ẹnu ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹyẹ kan kò ké. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tí ojú ẹnìkan kò rí rí. Ojú mi rí i.

Bàbá arúgbó kan jókòó sáàárín ọ̀nà. Kò sí eyín kan lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ yòókù, eyín ni. Eyín wà ní ìgúnpá, eyín wà ní orúnkún, eyín tò yí ọrùn rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo wọn sì ń pa keke. Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá." Ó ní, "Eyínkárí ni orúkọ mi. Èmi ni mò ń ṣọ́nà. Ọdẹ, kí ló ń bu ni jẹ tí kò kórìíra ẹni?"

Mo ronú títí. Mo ní, "Ata?" Ó ní, "Ata mọ ohun tó ń ṣe." Mo ní, "Òtútù ọyẹ́?" Ó ní, "Ọyẹ́ kì í rojọ́." Ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn kiri ni Tanímọ̀la yọ orí nínú àpò, ó gbá àtàǹpàkò mi mú, ó ń fi èrìgì tó wú yẹn jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń wojú mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Ọmọ tí eyín ń hù lẹ́nu rẹ̀ ni, bàbá."

"O gbà á," ni Eyínkárí wí. "Ta ló wá fa ti ọmọ yìí yọ láìtó àkókò?"

Ẹ̀yin ará, mo purọ́. Ojú tì mí ni, mo ní, "Ó ká fúnra rẹ̀ ni, bàbá." Mi ò tíì pa ẹnu dé tí gbogbo eyín ara rẹ̀ fi pariwo pọ̀, igbó mì tìtì, ọ̀nà ẹ̀yìn mi sì pa dé bí ẹnu. Ó dìde, ó lé mi. Mo yin ìbọn lù ú, ìgúnpá rẹ̀ gbá ọta mú, ó rún un wómúwómú bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà yíyan. Mo gun igi, orúnkún rẹ̀ jẹ igi náà nídìí títí ó fi wó. Ó jẹ ìdí ṣòkòtò mi lọ, má rẹ́rìn-ín, Làmídì, ìdí ṣòkòtò rẹ náà kì bá ṣẹ́ kù. Ìgbà tí ó tẹ̀ mí mọ́ igi tí eyín ọrùn rẹ̀ ti ń kan irùngbọ̀n mi ni mo tó rí ohun tó yẹ kí n ti rí láti àárọ̀. Ẹran tí eyín wọ̀nyẹn ti hù jáde pọ́n, ó wú, itọ́ ń sun lára rẹ̀. Eyín ń hù lára bàbá yìí, kò sì dáwọ́ dúró rí. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo já ewé kókò, mo fi àkísà tútù Àwẹ̀ró lé e lórúnkún.

Ó dúró jẹ́ẹ́. Ó jókòó. Ó fi àkísà náà pa ìgúnpá, ó fi pa ọrùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, láti ìgbà tí igi yìí ti wà ní kóro ni ara ti ń ro mí. Ẹni tó ń bọ̀, kùmọ̀ ló ń mú bọ̀. Ẹnìkan kò mú nǹkan tútù wá fún mi rí. Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní, "Ìyàwó mi ni. Mi ò gbọ́ tirẹ̀." Ó ní, "Ìyẹn ni òtítọ́ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ lónìí. Máa lọ. Ibi tí ò ń lọ, má ṣe purọ́ níbẹ̀, torí wọn kò ní bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ bí mo ṣe lè gbé e kalẹ̀ fún yín tí ẹ ó fi rí i bí mo ṣe rí i. Igbó là, ojú ọ̀run hàn, òkìtì funfun kan sì wà láàárín ibẹ̀ tó ga ju ààfin lọ. Mo rò pé iyanrìn ni. Mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé eyín ni, eyín kéékèèké, eyín ọmọdé, gbogbo eyín tí a ti ń jù sórí òrùlé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn alángbá ń gun òkìtì náà lọ, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, eyín kan lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan eyín náà sì ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọdẹ. Ohun tí ọmọ tó ni ín sọ lọ́jọ́ tó jù ú ló ń sọ, lóhùn ọmọ náà gan-an, ó rọra ń sọ ọ́ bíi kòkòrò inú koríko. Mo kúnlẹ̀. Níbi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan tó ń yára sọ pé, "Alángbá, alángbá, gba ti àtijọ́, fún mi ní tuntun, èmi Àjíún ni o, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ torí ẹran ọdún ń bọ̀ lọ́la!" Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Àjíún ni orúkọ ìyá tó bí mi. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, irun orí rẹ̀ sì ti funfun tán kó tó wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń bá alángbá dúnàádúrà létí mi yìí, nítorí ẹran ọdún. Mo sunkún bí ọmọdé, mi ò tijú láti sọ ọ́.

"Ọdẹ́rìndé ọmọ Àjíún, o kú ìrìn." Ọmọbìnrin kékeré kan ló sọ̀rọ̀. Ó jókòó sídìí òkìtì, atẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ eyín bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìrẹsì. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì kò sí lẹ́nu, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀. Mo mọ̀ láìbéèrè pé òun ni Afúnniléyín, tí alángbá ń jíṣẹ́ fún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Kí lo wá ṣe?" Mo ní, "Ìyá, eyín ọmọ ajá mi kò hù. Ebi máa pa á kú." Ó ní, "Jẹ́ ká gbọ́ ohun tó sọ nígbà tó ń fún mi." Ó na ọwọ́ sí òkìtì, ó mú eyín mẹ́rin jáde, ó tò wọ́n sórí atẹ. Gbogbo òkìtì dákẹ́. Eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà kò bẹ alángbá, wọn kò rẹ́rìn-ín. Igbe ni wọ́n ké. Igbe abẹ́ orúnkún mi ni, bó ṣe rí gan-an lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbọ́ ohùn ara mi lábẹ́ rẹ̀ tó ń sọ pé, "Màá bá ọ yanjú rẹ̀." Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò.

Mi ò dúró kí ó bi mí. Mo ní, "Èmi ni. Mo nà án, mo fi ẹ̀mú fà á, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójúde, mo sì ti búra fún ìyá rẹ̀ pé kò ní jìyà lọ́wọ́ mi. Gbérí ni mo rò. Mi ò ro ọmọ."

Afúnniléyín gbé atẹ kalẹ̀. Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Èyí tí o fà yìí kì í ṣe èyí tó ká, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì ń sunkún nínú èrìgì, kò sì ní ṣínà fún tuntun. Àfi kí ẹnìkan fi eyín tirẹ̀ tù ú nínú." Mo yọ̀. Mo ní, "Ìyá, mo ní ti ẹkùn nílé, mo ní ti ọ̀yà, mo ní ti ìmàdò tó gùn tó báyìí." Ó ní, "Àwọn yẹn kì í ṣe tìrẹ, o fagbára gbà wọ́n ni." Ó fi ìka kékeré kan eyín iwájú mi. Ó ní, "Èyí tí o fi ń fọ́nnu ni mo fẹ́. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò sì yọ ọ́."

Ẹ má bi mí bóyá ó dùn mí. Ọmọ àádọ́ta ọdún tí eyín rẹ̀ dúró ṣinṣin ni mo jẹ́. Ẹ̀mú yẹn náà ló wà lápò ọdẹ mi, òun ni mo mú. Wọ́n ní bí eyín ṣe funfun tó, ẹ̀jẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rí ẹ̀jẹ̀ náà. Mo ké, igbe mi sì jọ ti ọmọ ajá náà kò yàtọ̀. Tanímọ̀la tó ti ń gbọ̀n láti ẹ̀ẹ̀kan jáde nínú àpò, ó wọ́ gun àyà mi, ó sì ń lá ẹnu mi. Èmi tí mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun ló ń lá ẹ̀jẹ̀ mi nù. Nígbà tí mo gbé eyín náà lé òkìtì, mi ò lè sọ̀rọ̀, ẹnu mi kún. Ṣùgbọ́n eyín náà sọ̀rọ̀ lóhùn mi. Ó ní, "Máfojúdi, foríjì mí."

Afúnniléyín ní, "Ó tó. Gbé ọmọ rẹ lọ sílé. Títí eyín rẹ̀ yóò fi pé méjìlélógójì, ohun tó bá fẹ́ jẹ, fún un ní èyí tó ṣeé jẹ, kó má bàa jẹ èyí tí kò ṣeé jẹ. Bó bá gbá ọ lọ́wọ́ mú, má gbá a. Ọ̀rọ̀ kan kù. Lọ́jọ́ tí ogbó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba eyín náà padà, pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ jọ, kí o sọ bí tìrẹ ṣe kúrò lẹ́nu." Mo ní, "Mo gbọ́." Nígbà tí mo gbé orí sókè, ìdí ìrókò ẹ̀yìn oko mi ni mo wà, ọ̀sán gan-an, Tanímọ̀la sì ń jẹ okùn àpò mi.

Mo wá di olùtọ́jú eyín. Àràárọ̀ ni mo ń rẹ àkísà sínú omi amù, mo ń ta á ní kókó kó lè rí ibi dì mú. Mo ń fún un ní ẹ̀kọ tútù, mo ń fún un ní pọ̀nmọ́ tó gbẹ tí a ti rẹ sómi, mo gbé bàtà kọ́ sókè àjà, mo sì fi ti òsì tó ṣẹ́ kù yẹn ta á lọ́rẹ. Bó bá gbá ìka mi mú, mo ń ké bí ọmọ ajá ṣe ń ké sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á jù ú sílẹ̀, mo sì ń fi àkísà rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo àpá tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀yà ló bù mí jẹ. Ní ọjọ́ kẹta tí a dé, Àwẹ̀ró ṣí ẹnu rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Bàbá Ṣíjúadé, ẹ wá wò ó." Ohun funfun kan yọrí nínú èrìgì, kò tó kóro ìrẹsì. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ sílẹ̀ tí a ń wo ẹnu ajá bí ẹni ń wo oṣù tuntun. Mo ti rí erin mẹ́sàn-án tí wọ́n ń wẹ̀ nínú odò, mi ò rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó ìyẹn.

Ohun tí Tanímọ̀la fi eyín wọ̀nyẹn ṣe, ojú yín ló ṣe. Ó fa Làmídì yọ nínú kòtò, ó lé ìmàdò kúrò lóko gbogbo yín. Èmi ni mi ò ṣe tèmi bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bi mí ní ohun tó yọ eyín mi, mo wò yín, mo rí ìkòkò tábà, mo rí ìjálá tó ń bọ̀, mo bá ní ẹkùn ni. Mo rò pé ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ṣì jìnnà. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

Láàárọ̀ yìí mo ju egungun sí Tanímọ̀la, ó gbé e, ó sì rọra gbé e kalẹ̀. Mo ṣí ẹnu rẹ̀. Eyín iwájú kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi fúnra rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí igbe. Mo pa ọwọ́ dé kí alángbá má rí i. Mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́, méje, Àwẹ̀ró dúró tì mí, ó ń bá mi kà á. A jọ jù ú sórí òrùlé. Èmi mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀, pé èyí kò ní hù mọ́ láyé ńbí. Mo ṣì bẹ alángbá.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ẹkùn kankan kò gbá mi lẹ́nu rí. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in, bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ nínú ìjálá yín, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n Làmídì, fi ẹran inú àwo yẹn sílẹ̀, kì í ṣe tìrẹ. Mo ti fi eyín tó kù sí mi lẹ́nu rún un kó lè rọ̀. Tanímọ̀la, dìde, ìyá mi, wá jẹun.